Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Yín Ń Lọ́ra? Ẹ Wádìí Ohun Tó Fà Á Kẹ́ ẹ Tó Ra Dátà Mìíràn

Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo ń kọ́ ní èdè Yorùbá lórí Zoom ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Márùn-ún nínú wọn wà ní London, mẹ́rin wà ní Houston, èmi sì wà nínú yàrá mi l'Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Ní Sátidé kan, mo ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ fún wọn. Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àwòrán mi dúró sójú kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní, "Aunty, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dún bákan náà létí mi." Ó dùn mí wọra. Ohùn la fi ń ya ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti fọ́ ohùn, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Ọjọ́ kọkànlá tí mo ra dátà oṣù kan sórí ráútà nìyẹn, èyí tí wọ́n kọ "unlimited" sí gàdàgbà. Mo tún ra dátà kékeré kan lé e. Kò yí padà. Mo pa ráútà, mo tún tàn án, mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo sì tún ra òmíràn. Ìgbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ náà ní Mọ́ńdè ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù tó sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ti lo ìwọ̀n tó wà fún yín kọjá. Bó ṣe máa rọra máa lọ nìyí títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún un rà." Dátà méjèèjì tí mo rà lé e ò wúlò, torí pé orí ètò àkọ́kọ́ ni ráútà ṣì wà, ètò yẹn ni wọ́n sì ti fa ìjánu rẹ̀.

Owó dátà kì í ṣe owó kékeré mọ́, pàápàá láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yín kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyí.

Ohun mẹ́ta tó jọra lójú

Íntánẹ́ẹ̀tì ilé tí kì í gba inú wáyà wọlé, ì báà jẹ́ ti ráútà 4G, ti 5G tàbí ti sátẹ́láìtì, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dín eré rẹ̀ kù. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti lo ìwọ̀n tó wà nínú àdéhùn tán, tí ilé-iṣẹ́ náà wá mọ̀ọ́mọ̀ dín eré kù fún yín. Ó lè jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù lórí máàsì àdúgbò yín. Ó sì lè jẹ́ pé ráútà ò gbọ́ máàsì dáadáa, tàbí pé fóònù ọwọ́ yín gan-an ni kò gbọ́ ráútà. Lójú ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí: òbìrìkìtì kékeré kan á kàn máa yí lójú fídíò ni. Àmọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni dátà tuntun lè wò sàn, kì í sì í ṣe nígbà gbogbo. Kò lè ṣe nǹkan kan sí méjì yòókù.

Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ fi ń fi ààlà sí i? Ojú afẹ́fẹ́ tí máàsì ń gbà bá ráútà sọ̀rọ̀ níye, rírà ni wọ́n sì ń rà á. Ní December 2021, NCC fi ojú afẹ́fẹ́ 3.5 GHz ṣe gbàǹjo fún 5G. Ilé-iṣẹ́ MTN àti Mafab ló borí, mílíọ̀nù dọ́là 273.6 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi gba tiẹ̀. MTN tan 5G tiẹ̀ ní September 2022, Airtel tan tiwọn ní June 2023. Iye yòówù kí wọ́n fi rà á, gbogbo ilé tó kọjú sí máàsì kan ló ń pín èyí tó wà lórí máàsì yẹn lò. Ti sátẹ́láìtì náà ò yàtọ̀: Starlink dé Nàìjíríà ní January 2023, nígbà tó fi máa di òpin 2024, àyè ti kún ní àwọn apá ibì kan l'Èkó débi pé wọn ò gba oníbàárà tuntun níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya gíìgì sọ́tọ̀ kúrò lára Mbps

Gíìgì ni omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Mbps ni bí ẹnu rọ́bà tí omi ń gbà jáde ṣe fẹ̀ tó. Dúrọ́ọ̀mù lè kún, kí omi má sì tètè kún korobá, bí ẹnì kan bá fún ẹnu rọ́bà pọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi gan-an nìyẹn. Wọn ò da omi mi nù, ẹnu rọ́bà ni wọ́n fún.

Ẹ fi ìṣirò kékeré yìí sọ́kàn, ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀. Mbps 8 ló ń gbé MB 1 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, MB 1,000 ló sì ń di gíìgì kan. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń lo Mbps 1 fún wákàtí kan láìdúró máa jẹ MB 450. Mbps 2 á jẹ MB 900. Mbps 10 á jẹ gíìgì 4.5. Ráútà 5G tó lè sá eré Mbps 100 lè fi wákàtí kan gbé gíìgì 45 jáde bí ẹnì kan bá ń wa nǹkan ńlá wọlé. Ẹ ò rí i pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń yára tó ni ìwọ̀n ṣe máa ń tètè tán tó. Àwọn tó kúrò lórí 4G bọ́ sórí 5G máa ń pariwo pé wọ́n ń jí dátà àwọn. Nígbà púpọ̀, fídíò wọn ló ti fúnra rẹ̀ gòkè sí àwòrán tó mọ́ jù, torí pé ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ojú ìwé tí wọn kì í kà fún yín ní ṣọ́ọ̀bù

"Unlimited" kò túmọ̀ sí pé kò lópin. Ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé wọn ò ní gé yín kúrò pátápátá. Ẹ wọ ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: Fair Usage Policy. Àwọn kan máa ń gé e kúrú sí FUP. Ibẹ̀ ni ààlà wà. Bẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ọmọ tó ń tà á ṣí i han yín lórí fóònù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Kò sí àrífín níbẹ̀, owó yín ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè nìyí. Gíìgì mélòó ni màá lò kí eré tó dínkù? Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka ìwọ̀n náà ni, àbí oṣooṣù? Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, ẹni tó bá fi àárọ̀ lo tiẹ̀ tán máa fara da ìlọ́ra títí di ọ̀gànjọ́, àmọ́ ilẹ̀ á mọ́ bá ìwọ̀n tuntun. Bó bá jẹ́ oṣooṣù, ó lè fi ogún ọjọ́ fara dà á. Ṣé dátà òru wà nínú iye tí wọ́n kọ gàdàgbà? Mo ti rí ètò tó jẹ́ pé apá ńlá nínú gíìgì tó wà lára ìwé rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ṣeé lò àyàfi láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè, rèé: bí mo bá kọjá ìwọ̀n, eré wo ló máa kù fún mi? Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ètò tó já yín sí Mbps 4 àti èyí tó já yín sí Kbps 512, tí kò ju nǹkan bí ìdajì Mbps 1 lọ. Èyí àkọ́kọ́ ṣì máa gbé fídíò tó mọ níwọ̀n àti ìpàdé Zoom. Èkejì á gbé ọ̀rọ̀ WhatsApp àti ohùn, bóyá lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì parí síbẹ̀. Lójú tèmi, iye tó kù lẹ́yìn ìwọ̀n yìí ló yẹ ká fi máa mú ètò, ju iye gíìgì tí wọ́n fi ń polówó lọ.

Ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń dín eré yín kù ni o, tàbí wọ́n ń tì yín sẹ́yìn. Bí wọ́n bá dín eré kù, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí tọ̀sán tòru, kódà bí kò bá sí ẹlòmíràn lórí máàsì. Bí wọ́n bá tì yín sẹ́yìn, ó dà bíi kí wọ́n ní kẹ́ ẹ bọ́ sí ìparí ìlà ní ilé epo. Bí èrò bá pọ̀, ẹ máa dúró pẹ́. Bí ilé epo bá ṣófo, ẹ máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston, irú èyí ló ń lò. Lọ́dọ̀ T-Mobile, oníbàárà íntánẹ́ẹ̀tì ilé tó bá lo ju terabyte 1.2 lọ lóṣù, tí í ṣe nǹkan bíi gíìgì 1,200, ni wọ́n máa ń tì sẹ́yìn nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà tiẹ̀ rọ́wọ́ mú ju wa lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí: láti April 10, 2024 ni àjọ FCC, tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, ti mú un ní dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti lẹ páálí ìsọfúnni mọ́ ètò íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ike oúnjẹ. Iye owó, eré àti gíìgì tó wà nínú rẹ̀ máa wà níbẹ̀. Ẹ kà á.

Ẹ má sì rò pé ẹjọ́ kì í wáyé lórí nǹkan báyìí. Ní 2014, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé AT&T lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n ta dátà "unlimited" fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń dín eré rẹ̀ kù lẹ́yìn ìwọ̀n kan, tó kéré tó gíìgì 2 lóṣù fún àwọn míì, láìṣàlàyé yékéyéké fún wọn. Mílíọ̀nù dọ́là 60 ni AT&T gbà láti san ní 2019 láti fi yanjú ẹjọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́

Ibí ni àṣírí ti máa ń tú. Ẹ wá ìwé àti bírò. Ẹ dúró sí tòsí ráútà, kẹ́ ẹ má jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ẹ sì ní kí àwọn ará ilé gbé fóònù wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ṣí fast.com, ìkànnì tó ń wọn eré íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kan máa jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ ṣe é ní aago 6 àárọ̀, aago 1 ọ̀sán, aago 8 alẹ́, àti ẹ̀ẹ̀kan lóru bẹ́ ẹ bá jí. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ o, torí pé ìdánwò náà ń jẹ dátà: lórí Mbps 100, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ti jẹ MB 125.

Nígbà tí mo ṣe é nílé mi, ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: Mbps 0.9, 1.0, 0.9, 1.0. Èrò kì í dọ́gba báyẹn. Bí nọ́ńbà bá dúró sójú kan láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ àti lóru, ẹnì kan ló fi ọwọ́ mú un síbẹ̀. Ẹ ti kọjá ìwọ̀n nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ó ga ní ìdájí, tó wá lọ sílẹ̀ gan-an láàárín aago 7 sí 11 alẹ́, èrò ló pọ̀. Àsìkò yẹn ni gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, tí tẹlifíṣọ̀n ti tàn, tí àwọn ọmọ wà lórí YouTube. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń fò sókè fò sílẹ̀ láìsí ìlànà, tó sì ń yí padà bẹ́ ẹ bá gbé ráútà láti ibì kan sí ibòmíràn, gbígbọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ gbìyànjú. Netflix ló ni fast.com, orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé fídíò jáde ló sì ti ń wọn eré. Ẹ tún fi speedtest.net wọ̀n ọ́n. Bí ti speedtest.net bá ga dáadáa tí ti fast.com sì kéré, tó sì rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fídíò nìkan ni wọ́n ń fa ìjánu rẹ̀.

Ẹ sì bi aládùúgbò tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Bí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì bá jọ ń lọ́ra, ọ̀rọ̀ náà lè kọjá máàsì àdúgbò. Ní March 14, 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mélòó kan, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí ìwọ̀n dátà tí ènìyàn lè rà lọ́jọ́ yẹn tó máa tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 4: Bó bá jẹ́ èrò tàbí gbígbọ́

Ti èrò kò gba agbára. Ẹ ti iṣẹ́ ńlá sí ìdájí: kí kọ̀ǹpútà máa gba àtúnṣe lóru, kẹ́ ẹ sì fi òru wa fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ wò lọ́la sílẹ̀ nínú áàpù. Èmi gbé ẹ̀kọ́ mi sí aago 3 ọ̀sán tiwa. Ó bọ́ sí àárọ̀ fún àwọn ọmọ Houston, kò sì ní àwọn ti London lára.

Ti gbígbọ́ gba sùúrù díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sínú ibi tẹ́ ẹ máa ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí lórí fóònù tó ń lo Wi-Fi ráútà náà. Nínú ojú ìwé tó máa ṣí, ẹ wá RSRP, ìyẹn ìwọ̀n bí ráútà ṣe ń gbọ́ máàsì tó. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni: bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. Bó bá wà ní -80 tàbí -90, ẹ dúpẹ́. Bó bá ti kọjá -110, ráútà yín ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè ni. Ẹ gbé e lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dára ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀bá fèrèsé sì dára ju ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ojú afẹ́fẹ́ 3.5 GHz tí 5G ń lò kì í wọ inú ògiri bulọ́ọ̀kù tó bí àwọn ojú afẹ́fẹ́ tí GHz wọn kéré sí tiẹ̀ ṣe ń wọlé. Torí náà, yípo díẹ̀ nínú yàrá lè mú ìyàtọ̀ ńlá wá.

Bó bá jẹ́ pé eré dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, tó sì ń kú ní yàrá ìsàlẹ̀, Wi-Fi yín ló kúrú. Ẹ gbé ráútà sí àárín ilé bí RSRP ò bá bàjẹ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ ẹni tó ń jẹ dátà nínú ilé

Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbí, torí pé ibí ni èmi ti rí ìdáhùn.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà gbàgbọ́ pé Wi-Fi kì í ná owó. Àwọn tó ṣe wọ́n ń fojú wo ilé tí wáyà ti ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé láìsí ààlà. Torí náà, bí fóònù bá wà lórí dátà símù, á ṣọ́ra, á ní kó di ìgbà tí Wi-Fi bá dé. Bó bá ti wá rí Wi-Fi ráútà yín, á tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀: áàpù á máa gba àtúnṣe, fọ́tò àti fídíò á máa gòkè lọ sí Google Photos, WhatsApp á máa wa gbogbo fídíò ẹgbẹ́ ìjọ àti ti mọ̀lẹ́bí sílẹ̀. Kò mọ̀ pé dátà símù kan náà ni, pé inú ráútà ni símù ọ̀hún kàn wà. Fóònù márùn-ún ló wà nílé wa nígbà yẹn, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú wọn.

Ẹ sọ fún wọn. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wọ ibi Wi-Fi, ẹ fọwọ́ kan orúkọ ráútà yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "metered" sí, ìyẹn ni pé dátà rẹ̀ níwọ̀n, ẹ yàn án. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, Wi-Fi, ẹ fọwọ́ kan àmì "i" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ẹ tan Low Data Mode. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ wọ Settings, Network & internet, ẹ ṣí orúkọ Wi-Fi yín, ẹ tan Metered connection. Ẹ tún wá Delivery Optimization lórí Windows, kẹ́ ẹ pa ibi tó ti ń gba kọ̀ǹpútà yín láyè láti máa pín àtúnṣe fún kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn. Dátà tiyín ló fi ń ṣe ìtọrẹ.

Nínú WhatsApp, ẹ wọ Settings, Storage and data, kẹ́ ẹ yọ fídíò kúrò nínú ohun tó ń wá fúnra rẹ̀ lórí Wi-Fi. Ẹ fi fọ́tò nìkan sílẹ̀. Nínú YouTube, ẹ wá Video quality preferences, ẹ yan Data saver fún Wi-Fi náà, kì í ṣe fún dátà símù nìkan.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá burú jù. Netflix fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé fídíò tó mọ́ kedere lè jẹ tó gíìgì 3 ní wákàtí kan, èyí tí wọ́n ń pè ní 4K lè jẹ tó gíìgì 7, tí èyí tó mọ níwọ̀n sì ń jẹ nǹkan bíi gíìgì 1. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé àdéhùn yín fún yín ní gíìgì 200 lóṣù kí eré tó dínkù. Ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́: kò tó gíìgì 7 lóòjọ́. Bí ọmọ kan bá ti wo àwòrán kedere fún wákàtí méjì lẹ́yìn ilé-ìwé, gíìgì 6 ti lè lọ, bàbá rẹ̀ ò tíì dé láti ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ò tíì pe ẹnikẹ́ni lórí fídíò. Bẹ́ ẹ bá ti já àwòrán tẹlifíṣọ̀n wálẹ̀ sí èyí tó mọ níwọ̀n, wákàtí méjì yẹn á di gíìgì 2. Ojú ọmọdé kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀, pàápàá lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ẹ tún pa autoplay, kí fídíò má báa máa lọ láti ọ̀kan dé èkejì nígbà tí gbogbo ilé ti sùn.

Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ẹnu géètì náà ń jẹ dátà bó bá ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán tòru. Ẹ ní kó máa fi í pamọ́ sínú káàdì rẹ̀, kó má fi ránṣẹ́ àyàfi bó bá rí ohun tó mira. Ẹni tó bá ní PlayStation nílé, kó mọ̀ pé géèmù kan ṣoṣo lè tó gíìgì 50 sí 100.

Lójú ìwé ráútà tẹ́ ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún wo iye ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn. Mẹ́sàn-án ni mo bá nílé wa, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré ni mo lè kà. Ọmọ wa ló fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní pásíwọọ̀dù, ẹ̀rọ méjì yòókù sì jẹ́ ti aládùúgbò tó wá gbàlejò lọ́dọ̀ wa nígbà kan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo yí pásíwọọ̀dù padà, mo sì ṣí Guest network sílẹ̀ fún àlejò, èyí tí mo máa ń pa bí wọ́n bá ti lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ *323# láti mọ iye dátà tó ṣẹ́kù. Nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ pé símù ráútà yín ò ṣeé fi sínú fóònù, ẹ wò ó nínú áàpù ilé-iṣẹ́ náà, tàbí lójú ìwé ráútà níbi tí wọ́n kọ Statistics sí. Ẹ wò ó ní ọjọ́ karùn-ún àti ọjọ́ kẹwàá. Bẹ́ ẹ bá ti lo ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ ti ń sáré ju oṣù lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí wọ́n bá ti dín eré kù, tí oṣù ò sì tíì parí

Ẹ kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun lé e. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà pé, "Bí mo bá ra dátà àfikún báyìí, ṣé eré á padà sókè lónìí, àbí ó di ìgbà tí ètò tó wà lórí rẹ̀ bá parí?" Ètò yàtọ̀ síra. Àwọn kan máa ń padà sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn kan máa ń ní kẹ́ ẹ tún gbogbo ètò náà rà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ní láti fara dà á, Mbps 1 ṣì wúlò bí ẹnì kan bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan. Lórí Zoom, ẹ pa kámẹ́rà: ohùn nìkan kò ju nǹkan bíi Kbps 80 lọ, bẹ́ẹ̀ fídíò ẹgbẹ́ lè gba ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi láìsí àwòrán, mo fi fọ́tò ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ pẹ̀lú ìyàwó ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn ṣáájú. Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n ń wò mọ́, etí wọn là sí ohùn. Ẹ ní kí àwọn ará ilé kúrò lórí Wi-Fi fún wákàtí tẹ́ ẹ nílò rẹ̀, kí fóònù wọn lo dátà tiwọn.

Bó bá sì jẹ́ pé gíìgì ló ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́ ní òpin oṣù, ẹ tún ètò náà rà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Láti 2018 ni NCC ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ jẹ́ kí dátà tó ṣẹ́kù bọ́ sínú èyí tuntun.

Ìgbésẹ̀ 7: Bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì kọjá ìwọ̀n, síbẹ̀ tí eré dúró sójú kan

Ẹ pe nọ́ńbà 300, tí í ṣe nọ́ńbà ìtọ́jú oníbàárà lórí àwọn nẹ́tíwọ̀kì ńláńlá, tàbí nọ́ńbà tó wà lára ráútà yín. Ẹ má sọ pé "nẹ́tíwọ̀kì yín ò dáa." Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé fún wọn: ọjọ́, aago, Mbps, RSRP, àti iye gíìgì tó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ á yí padà lẹ́nu wọn lójú ẹsẹ̀, torí pé wọn ò ní lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kàn pa ráútà kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn.

Bí wọ́n bá dá ọjọ́ tí ọjọ́ sì kọjá, ẹ pe NCC lórí 622. Wọn kì í gbowó ìpè. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni bóyá ẹ ti kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà, torí náà, kí nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn wà níwájú yín. Ẹ kà á fún wọn, ẹ ka eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ sọ ohun tó wà nínú àdéhùn, kẹ́ ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa pè yín padà.